X-ray oníná méjì fún ilé àyẹ̀wò kan ní Iléṣà: ṣé owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àyẹ̀wò kékeré ni mo ní ní Iléṣà. CR (X-ray tí wọ́n ń fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíràn kí àwòrán tó jáde) la ṣì ń lò, a sì fẹ́ bọ́ sórí DR (èyí tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń gba ìtànṣán, tó sì ń gbé àwòrán lọ sínú kọ̀ǹpútà tààrà). Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ní kí a fi owó kún un, kí a gba èyí tó ní dual-energy. Ó ní ó máa ń ká eegun kúrò lójú ẹ̀dọ̀fóró, àti pé ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù bíi tiwa kò gbọdọ̀ wà láìní in. Àyà bíi 15 là ń yà lójúmọ́. Ṣé kí a rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fi owó kún un. DR fúnra rẹ̀, ẹ rà á, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n dual-energy, tí màá máa pè ní oníná méjì láti ìsinsìnyí lọ, ó dìgbà tí ẹ bá rí èsì fún ohun mẹ́ta: ta ni yóò máa ka àwòrán náà, aláìsàn mélòó nínú àwọn 15 yẹn ló nílò rẹ̀ ní tòótọ́, iná wo ni yóò sì gbé e. Ẹni tó ń tà á kò pa irọ́. Ó kàn jẹ́ pé apá tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà ló mú wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo àǹfààní àti àléébù rẹ̀ ti wá. Kálísíọ̀mù ló pọ̀ nínú eegun, nọ́ńbà átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ 20. Ti ẹran ara àti omi, tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ju nǹkan bíi 7.4 lọ. Nígbà tí iná túùbù bá rẹlẹ̀, bíi 60 kV (kílófóltì, ìwọ̀n agbára iná tó ń ti ìtànṣán jáde), kálísíọ̀mù máa ń gbé ìtànṣán mì ju bí ẹran ṣe ń gbé e mì lọ, ìyàtọ̀ wọn sì hàn gbangba. Tí iná bá gòkè dé 120 kV, ìyàtọ̀ yẹn á dín kù púpọ̀. Kọ̀ǹpútà á wá gbé àwòrán méjèèjì, á sọ wọ́n di lọgarítìmù, á fi ìwọ̀n kan sọ ọ̀kan di púpọ̀, á sì yọ ọ́ kúrò lára èkejì. Tí ìwọ̀n náà bá ṣe déédéé, eegun ìhà á pòórá, ẹ̀dọ̀fóró á kù. Tí wọ́n bá yí ìwọ̀n náà padà, ẹran ló máa pòórá, tí eegun àti ohunkóhun tó bá ní kálísíọ̀mù á dúró. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù gba ẹ̀rọ pápákọ̀ òfúrufú kọjá ti fara kan irú iṣẹ́ yìí: ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọṣẹ àti oúnjẹ ló ń ṣe àwọ̀ ọsàn lójú ẹ̀rọ wọn, tí irin sì ń ṣe búlúù, kò ju iná méjì yìí náà lọ.

Nítorí náà, àwòrán mẹ́ta ni ẹ ó máa rí lórí ẹnì kan: ti àtijọ́ tí a mọ̀, ti ẹran láìsí eegun, àti ti eegun láìsí ẹran.

Ibi tó ti wúlò jù ni kókó kékeré inú ẹ̀dọ̀fóró tó fara pamọ́ sẹ́yìn eegun ìhà, tàbí lókè pátápátá níbi tí eegun tó gba abẹ́ ọrùn lọ sí èjìká ti bò ó. Ibẹ̀ náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) fẹ́ràn láti bà sí. Àǹfààní kejì ló wù mí ju àkọ́kọ́ lọ: àwòrán eegun máa ń sọ bóyá kókó tí a rí ní kálísíọ̀mù nínú. Kókó tó ti di òkúta látòkèdélẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àpá ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àrùn mìíràn tó ti kọjá lọ, kì í sábà jẹ́ jẹ̀jẹrẹ. Ẹni tí ìyẹn bá hàn lára rẹ̀ lè má nílò CT (X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele) mọ́, CT sì lówó lórí. Lẹ́yìn èyí, ó ń fi eegun ìhà tó ṣẹ́ hàn, ó ń fi ibi tí jẹ̀jẹrẹ ti ta dé eegun hàn (ti ẹ̀yà prostate àwọn bàbá àgbà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀), ó sì ń fi ibi tí rọ́bà tí dókítà kì sínú ara wà hàn.

Ó kù síbi kan tí àwọn olùtajà kì í sọ. Omi inú àyà, ọkàn tó tóbi, ẹ̀dọ̀fóró tí otútù àyà ti sọ di funfun báláú, gbogbo ìyẹn DR lásán ń fi hàn dáadáa. Àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fúnra rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀rọ GeneXpert ló sì ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò; iná méjì kò lè sọ bóyá kòkòrò àrùn náà ṣì wà láàyè tàbí ó ti kú. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó jọra: ẹ̀rọ DXA tí wọ́n fi ń wọn bí eegun àwọn ìyá àgbà ṣe lágbára tó, iná méjì lòun náà ń lò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn gbáà ni. Tí oníbàárà bá wá bèèrè àyẹ̀wò eegun rírọ̀, ẹ̀rọ àyà oníná méjì tí wọ́n ń tà fún yín kò ní fún un ní T-score, ìyẹn nọ́ńbà tí DXA fi ń sọ bí eegun ṣe lágbára tó.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ góòlù yẹn dúró díẹ̀, torí òun ni wọ́n fi mú yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló wà nínú ewu kan náà. Ní ìhà Ìtagúnmodì, inú iyanrìn odò ni góòlù wà, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Eruku kì í pọ̀ nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìhà Ìpérindó, inú òkúta quartz ló wà, ẹni tó bá ń fọ́ ọ tó sì ń lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ ń fa eruku sílíkà sínú. Eruku yẹn ló ń fa sílíkósíìsì, àrùn tó ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá sì ní i, ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń tètè mú un. Àwọn kókó rẹ̀ kéré, wọ́n pọ̀ káàkiri, wọ́n sì wọ́pọ̀ ní òkè ẹ̀dọ̀fóró. DR tó mọ́ kedere ń fi wọ́n hàn. Ohun tí iná méjì lè fi kún un ni pé nígbà mìíràn, kálísíọ̀mù máa ń yí àwọn kókó omi-ara (lymph node) tó wà ní gbòǹgbò ẹ̀dọ̀fóró ká bí èèpo ẹyin, àwòrán eegun sì ń fi ìyẹn hàn kedere. Ó dára láti rí i, àmọ́ kì í sábà yí ìtọ́jú padà. Bíbéèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé “irú òkúta wo lẹ ń fọ́, ọdún mélòó lẹ ti ń fọ́ ọ?” wúlò ju ìdajì owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín lọ.

Ti ìtànṣán kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Àwòrán àyà kan láti ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi 0.02 mSv (ìwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ, ìyẹn tó ohun tí ayé fúnra rẹ̀ ń fún ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tí a bá tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 0.04 mSv ni. CT àyà tí kì í ṣe oníwọ̀n kékeré máa ń tó 5 sí 7 mSv. Síbẹ̀, ẹ má lò ó fún ọmọdé àti aboyún láìsí ìdí gúnmọ́, ẹ má sì lò ó fún àwọn tó kàn wá gba ìwé ìlera fún iṣẹ́ tàbí fún ilé ìwé. DR lásán tó fún ìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe iná méjì, owó wọn kò sì jọra, ìṣòro wọn kò jọra. Ẹ bi olùtajà léèrè èwo ni tirẹ̀. Tí kò bá lè sọ, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti ìyìn méjì, ìyẹn ni kí ẹ̀rọ yin ìtànṣán lẹ́ẹ̀mejì bí a ṣe ń yin ìbọn. Ẹ̀rọ á yin iná kan, bíi 60 kV, á yára yí padà, á yin èkejì, bíi 120 kV. Àárín méjèèjì máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí pé iná méjèèjì jìnnà síra, eegun máa ń kúrò dáadáa. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì ní láti lè tú àwòrán kìíní sílẹ̀ kíákíá kí èkejì tó dé, àpótí agbára tó ń fún túùbù ní iná sì ní láti lè yí kV láàárín àkókò náà. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé so mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ yín: gbogbo rẹ̀ lẹ máa rà pọ̀, túùbù, àpótí, ìdúró ara ògiri àti pánẹ́ẹ̀lì.

Èkejì ni ti ìyìn kan ṣoṣo. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n tò léra wọn nínú àpò kan, nígbà mìíràn bàbà pẹlẹbẹ máa ń wà láàárín. Ìtànṣán tó rọ̀ á dúró sí ti iwájú, èyí tó le ló máa kọjá sí ti ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú kan náà ni méjèèjì gba àwòrán, nítorí náà bí aláìsàn bá mira tàbí ọkàn rẹ̀ bá ń lù, kò sí wàhálà. Ó tún ṣeé lò pẹ̀lú túùbù tí ẹ ti ní. Àléébù rẹ̀ ni pé iná méjèèjì kò jìnnà síra tó ti àkọ́kọ́, àwòrán tí wọ́n yọ jáde á máa ṣe hóró-hóró bíi gàrí tí wọn kò jọ̀, pàápàá lára ẹni tó sanra. Ó sì wúwo, owó pánẹ́ẹ̀lì kan tó bá bọ́ sílẹ̀ sì ga ju ti DR lásán lọ.

Fún ilé àyẹ̀wò bíi tiyín, tó bá di dandan kí ẹ rà, èkejì yìí ni mo fara mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ohun tó máa ń bàjẹ́. Nínú ti ìyìn méjì, ọkàn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ó ń lù ní nǹkan bíi ìgbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá sì tó bíi ìdámẹ́rin ìlù kan. Etí ọkàn lápá òsì á wá ní òjìji funfun àti dúdú tó tẹ̀ lé e, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní àrùn. Ẹni tí kò lè dá èémí dúró, ẹni tó ń wúkọ́, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo wọn ni àwòrán wọn máa ń bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn yìí gan-an ni aláìsàn àyà, àbí kí ni ó mú wọn wá? Rediógíráfà ní láti kọ́ aláìsàn ní èémí kó tó tẹ bọ́tìnì: fà á sínú, dá a dúró, ka ení, èjì, kí a yìn ín.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni iná. Ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń yọ eegun kúrò gbára lé e pé 60 jẹ́ 60, kí 120 sì jẹ́ 120. Àpótí òde òní máa ń tún iná ṣe fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àpótí 50 kW tó bá ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀ lórí iná 400 fóltì oníwáyà mẹ́ta á fa bíi 72 ámpíà lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ká tó ka ohun tó ń ṣòfò sí ooru. Tí tiransifọ́mà bá jìnnà sí yín, tí wáyà tó wọlé sì tín-ín-rín, fóltì á já nígbà ìyìn, kV tó yẹ kó jáde lè má jáde, eegun ìhà á sì kù sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òjìji lórí àwòrán ẹran. Ínfátà àti sólà lè gbé kọ̀ǹpútà àti pánẹ́ẹ̀lì, wọn kì í sábà lè gbé túùbù, àyàfi tí àpótí náà bá jẹ́ irú tó ń kó iná pamọ́ sínú bátìrì tàbí kapásítọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá oní-dísù tó kéré ju ìwọ̀n lọ náà á máa ṣe bákan náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: tí ẹ kò bá tíì ní iná tó dúró, owó iná ni kí ẹ kọ́kọ́ san.

Pánẹ́ẹ̀lì náà fẹ́ ìtọ́jú. Tí wọn kò bá ṣe kalíbrẹ́ṣọ̀n rẹ̀ (títún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kó lè péye) bí ìwé rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, àbùkù kékeré tí kò hàn lórí àwòrán lásán á hàn ketekete lórí èyí tí wọ́n yọ, torí yíyọ kan kúrò lára kan máa ń dín ohun tí a fẹ́ wò kù, tí èérí méjèèjì sì ń kó jọ. Ooru yàrá tó ń gòkè tó ń sọ̀ ń dá kún un. Ẹ fi amúlétutù sí ibẹ̀ fún pánẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe fún ara yín.

Ìpamọ́ kò le, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì 43 × 43 cm tí ojú (pixel) rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 140 máíkírọ̀n ní bíi 3,072 lóròó àti 3,072 níbùú. Àwòrán kan á tó 19 MB. Mẹ́ta rẹ̀ á jẹ́ 57 MB. Àyà 15 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, ó tó 22 GB. Tó bá jẹ́ pé dátà fóònù lẹ fi ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí dókítà tó ń kà á ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó kan owó. Ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò tèmi, torí àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ń ṣe ìṣirò. Ká ní owó tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi kún DR jẹ́ ₦30 mílíọ̀nù, kí ẹ̀rọ náà lo ọdún 7, kí ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá iye yẹn lọ́dọọdún. Owó ẹ̀rọ á jẹ́ bíi ₦4.29 mílíọ̀nù lọ́dún, ìtọ́jú ₦3 mílíọ̀nù, àpapọ̀ ₦7.29 mílíọ̀nù. Àyà 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù jẹ́ 4,680 lọ́dún. Tí ẹ bá pín in lórí gbogbo wọn, ₦1,558 péré ni lórí ẹnì kan. Iye yìí ni olùtajà máa ń fi hàn yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló nílò rẹ̀, 468 ènìyàn ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ru ₦15,577. Tó bá jẹ́ owó yíyá ni, kí èlé rẹ̀ jẹ́ 25 nínú 100, èlé ọdún kìíní nìkan jẹ́ ₦7.5 mílíọ̀nù, iye orí ẹnì kan á fò sókè dé bíi ₦31,600. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé fún yín bí òṣómàálò ṣe ń gba gbèsè. Tí báńkì bá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yín, aláìsàn kò ní sí níbẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nínú ìṣirò náà ni pé ta ló máa san án? Ẹ bi àwọn adójútòfò ìlera tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bóyá àwòrán oníná méjì ní iye tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àbí iye àyà lásán ni wọ́n máa san. Ẹ tún bi dókítà tó ń kà á: ojú rẹ̀ á wo àwòrán mẹ́ta dípò ọ̀kan, ó sì lè béèrè owó sí i. Tí kò bá tíì ka irú rẹ̀ rí, á kọ́kọ́ máa rí àrùn níbi tí kò sí.

Ọ̀nà kan wà tó kéré lówó tí mo fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó pinnu. Sọ́fúwià wà tó ń mú eegun ìhà rẹlẹ̀ lórí àwòrán àyà lásán, láìsí ìyìn kejì, láìsí pánẹ́ẹ̀lì àrà ọ̀tọ̀. Ó ti kọ́ láti inú àwòrán púpọ̀ bí eegun ṣe ń rí, á sì yọ ọ́. Ọkàn tó ń lù kò kàn án, ìtànṣán kò lé sí i, DR èyíkéyìí ló lè lò ó. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó sọ fún yín bóyá kókó ní kálísíọ̀mù nínú, torí ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìyìn kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn ó tún lè yọ ohun kékeré tó jọ eegun mọ́ eegun. Nítorí náà, ẹ kò gbọdọ̀ kà á láìka àwòrán gidi mọ́ ọn. Ẹ tún rántí pé WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ti fọwọ́ sí i ní 2021 pé kí wọ́n máa lo kọ̀ǹpútà ka àyà láti ṣa àwọn tí wọ́n ń fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára wọn, fún ẹni ọdún 15 sókè. Sọ́fúwià bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tó dájú tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi ń dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, á ṣe ìlú yín lóore ju iná méjì lọ. Èrò tèmi nìyẹn, àwọn mìíràn lè sọ ohun mìíràn.

Ìgbà wo ni màá wá ní kí ẹ rà á? Tí ẹ bá ní àyà tó ju 40 lọ lójúmọ́, tí dókítà tó ń kà á bá wà pẹ̀lú yín lójoojúmọ́, tí dókítà àyà tàbí ti jẹ̀jẹrẹ láti ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí láti Ifẹ̀ bá ń darí aláìsàn sí yín nítorí kókó, tí CT kò sì sí nítòsí tí wọ́n lè san owó rẹ̀. Láìsí èyí, ẹ ra DR tí olùtajà bá fi sínú ìwé pé ó ṣeé gbé sókè sí ìyìn kan oníná méjì lọ́jọ́ iwájú, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Iye pánẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé dọ́là. Ìwé tí kò bá kọ iye rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Ẹ rántí ìwé àṣẹ náà. NNRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìtànṣán, ló ń fún ilé X-ray ní àṣẹ, ẹ̀rọ tuntun sì ń béèrè àyẹ̀wò tuntun. Ìyìn 120 kV ń la ògiri kọjá ju ìyìn 80 lọ, ìyìn méjì lórí ẹnì kan sì ń fi kún iṣẹ́ yàrá náà. Kí onímọ̀ ìtànṣán ṣírò òjé inú ògiri àti ilẹ̀kùn yín kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Tí ẹ bá sì pinnu láti rà á, ẹ má san gbogbo owó kí wọ́n tó ṣe àfihàn yìí níwájú yín. Ẹ to pákó akíríìlì nípọn bíi 10 cm, tàbí abọ́ onírọ́bà tí omi kún inú rẹ̀ dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ mẹ́ta mọ́ ọn, 2 mm, 4 mm, 6 mm. Alumíníọ̀mù ló ń ṣe bí eegun níbẹ̀. Ẹ fi àwọn bọ́tìnì oníke kékeré tó ṣe bí kókó sí abẹ́ alumíníọ̀mù náà. Kí wọ́n yìn ín láti 180 cm. Lórí àwòrán ẹran, alumíníọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pòórá, kí bọ́tìnì ṣì hàn. Tí 2 mm bá lọ tí 6 mm sì kù, ìwọ̀n wọn kò tọ́. Kí wọ́n tún un ṣe nígbà mẹ́ta láìsún nǹkan kan, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná ìta, kí ẹ tan ẹ̀rọ amúnáwá yín, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin. Olùtajà tó bá ní kò sí ìdí láti ṣe é lórí ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ san owó DR nìkan fún un, kí ẹ jẹ́ kó gbé ìyókù padà.